Àkèré Tí Mo Gbé Lọ sí Òkè-Àgbò

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín sí mi lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ kan, mo ti ń ro ohun tó fẹ́ tọrọ nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin kan wá gba yàrá lọ́dọ̀ mi ní Àgọ́-Ìwòyè, tó ní iṣẹ́ òun ni kí òun máa wá àkèré orí igi kiri, mo wò ó láti òkè délẹ̀. Àkèré tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí kò ṣeé fi se ọbẹ̀. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé ejò, ejò ń lé wa.

Mo sì mọ àkèré tó ń wí. Inú irà bàbá mi ní Mákùn-Omi ló pọ̀ sí, láàárín àwọn igi ògùrọ̀ tí bàbá mi ń gé ewé wọn fún àwọn tó ń hun ẹní. Ewé koríko tó bá ká mọ́ra lórí omi, bàbá mi kì í fi àdá kàn án, torí àkèré yẹn ló ká a, tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ kó lè bo ẹyin rẹ̀. Bàbá tó bí i kò gé e, òun náà kò gé e.

Ọkùnrin náà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó ń ṣàlàyé. Ó ní orúkọ méjì ni gbogbo ẹ̀dá ń jẹ́ nínú ìwé àwọn, bíi ti rẹ́jísítà iléèwé: orúkọ agbo ilé á ṣáájú, tirẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ó ní inú agbo ilé tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n kó àkèré yìí sí láti ọjọ́ pípẹ́. Òun fẹ́ dá agbo ilé tuntun sílẹ̀ fún un, kí òun sì sọ ọ́ lórúkọ. Ẹyọ kan ni wọ́n máa fi ṣe olórí agbo ilé náà, òun ni wọn yóò máa fi wé èyí tó bá kù.

Mo lọ sọ fún bàbá mi. Àlàyé agbo ilé kò jọ ọ́ lójú rárá, ọ̀rọ̀ orúkọ ló gbá mú, ó ń bi mí ní ìdí rẹ̀.

“Éètijẹ́ tí án fi fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ? Àbí ọmọ rẹn ni?”

Kò ṣàwàdà. Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó bá dìde níbi ìkómọ tó sọ ọmọ lórúkọ, ó ti ní òun ló bí i nìyẹn. Bàbá mi ní ẹni tó bá sọ àkèré lórúkọ lónìí, yóò ní òun ló ni irà lọ́la. Ó ní kí n má jẹ́ kó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi, torí ohun tí mo ti ń rò gan-an ló sọ.

Kí ọkùnrin náà lè rí ohun tó wá wá, kó sì máa lọ, mo bá a kó àkèré mẹ́fà wá láti irà bàbá mi, nínú ike tí mo fi nẹ́ẹ̀tì bò. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó rì wọ́n sínú ìgò ọtí kí wọ́n má baà jẹrà, àwọn àkèré bàbá mi, aládúrà tí kì í fẹnu kan ọtí. Ó wá mú bírò.

“Níbo lẹ ti rí wọn, mà?”

“Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó.”

“Ó dá yín lójú, mà? Ibi tí a bá kọ sílẹ̀ yìí nilé rẹ̀ títí láé.”

Mo ní ó dá mi lójú.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó fi ìwé náà ránṣẹ́ sí mi lórí wásáàpù, àwòrán àkèré wa nínú rẹ̀, agbo ilé tuntun lórúkọ tuntun. Èmi àti bàbá mi fi orúkọ náà rẹ́rìn-ín títí. Kò sẹ́ni tó wá gba irà.

Àfi ní ọdún tó kọjá, tí àwọn awọnlẹ̀ wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi ògùrọ̀. Wọ́n fẹ́ da yanrìn dí irà náà, kí wọ́n la ọ̀nà gba orí rẹ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló rántí ìwé náà, pé ó lè fi hàn pé irà wa nilé àkèré náà, kí wọ́n má dí i. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kà á dáadáa, ó sì gbójú sókè.

“Mà, Òkè-Àgbò ni wọ́n kọ síbí.”

Mo ní irọ́ ni, èmi ni mo pa á. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, bí mo ṣe máa ń wo ènìyàn gan-an.

Ojú tì mí, mo pe ọkùnrin náà, mo jẹ́wọ́ ibi tí mo ti kó wọn. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lòun padà sí Òkè-Àgbò nínú òjò, òun ò rí ẹyọ kan. Ó ní àwọn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú àkèré náà ti tán láyé. Ó ní òun á kọ ìwé mìíràn, ṣùgbọ́n ó máa pẹ́.

Mo padà sí Mákùn-Omi, mo rò ó fún bàbá mi. Ó gbọ́ ọ tán.

“Mo ní kí o má jẹ́ kó rí irà,” ó ní. “Mi ò ní kí o gbé àkèré kúrò níbẹ̀.”

Ó mú àdá rẹ̀, ó wọ inú omi lọ gé ewé. Ó dé ibi tí ewé kan ká mọ́ra, ó yà fún un. Àmì pupa wà lára igi tó dúró tì í.