Ẹ̀wà Tí Kò Hù

Mo rántí òórùn búrẹ́dì tó máa ń gba ojú fèrèsé wa wọlé ní Williamsville, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, láàárọ̀, kí oòrùn tó ràn dáadáa. Ilé wa àti ilé oníbúrẹ́dì kẹ́yìn síra wọn, ààrò rẹ̀ sì máa ń mú ògiri yàrá wa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Màmá mi ń ta ẹ̀wà, àgbàdo àti jéró ní ọjà Adjamé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń délé kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Kòkòrò inú ẹ̀wà ni ọ̀tá rẹ̀ láyé yìí. Àwọn kan nínú ọjà a máa fi oògùn apakòkòrò sínú àpò, ṣùgbọ́n màmá mi ní òun ò ní fi májèlé bọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ohun tí òun ń ṣe ni pé, bí oníbúrẹ́dì bá ti kó búrẹ́dì jáde tán, tí iná ti kú ṣùgbọ́n tí ààrò ṣì gbóná, yóò da ẹ̀wà sínú àwọn páànù ńlá tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, wọn yóò sì tì í wọlé fún ìgbà díẹ̀. Kòkòrò á kú, ẹyin kòkòrò á kú. Àwọn tó ń rà á lọ sè kò ráhùn rí.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí lọ́dún tí mò ń sọ yìí. Oníbàárà màmá mi kan wà tó ń gbé ní Bingerville, ọmọ Ọ̀yọ́, opó ni, ọkọ rẹ̀ tó ń to táìlì ti kú, ó sì fi ọmọ méjì sílẹ̀ fún un. Ọkùnrin kan ní Bingerville yá a ní ilẹ̀ pé kó fi dáko. Àdéhùn wọn kò lọ́jú pọ̀: ọkùnrin náà ń rìnrìn àjò, yóò sì dé lẹ́yìn tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tó bá rí i pé nǹkan ti hù, kí opó náà máa dá a lọ. Ibi tó bá ṣófo, ẹlòmíràn ni yóò fún. Opó náà wá ra àpò ẹ̀wà kan lọ́wọ́ màmá mi láti gbìn, ó ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀ títí di Sátidé. Màmá fẹ́ràn obìnrin náà bí ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣa ẹ̀wà náà, ó yọ èyí tó fọ́, ó yọ èyí tó hunjọ. Kí kòkòrò má baà jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀ kí òjò tó rọ̀, ó gbé e lọ sínú ààrò oníbúrẹ́dì, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ni. Lẹ́yìn náà ló rán ẹnu àpò, ó ní òun ò fẹ́ rí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ débẹ̀. Olùkọ́ wa tó ń kọ́ wa nípa àwọn ohun abẹ̀mí, ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní SVT níbí, ní kí olúkúlùkù wa to ẹ̀wà mẹ́wàá sórí òwú tí a fi omi rin, kí a máa wò ó, kí a sì máa kọ ohun tí a bá rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì wa tó jẹ́ pé òun ló máa ń gba ipò kìíní, èmi a sì máa tẹ̀ lé e bí òjìji. Mo rò ó nínú mi pé ìdíje tí ilé wa kò lè pàdánù ló dé yìí, ṣebí ọmọ ẹlẹ́wà ni mí! Mo tún rò pé ẹ̀wà tó bá dán jù ni yóò hù jù. Mo fi bíírò dá ìsàlẹ̀ àpò opó náà lu, mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, mo sì fi òwú dúdú rán ihò náà. Funfun ni àpò náà. Ọgbọ́n mi pọ̀ gan-an nígbà yẹn. Nígbà tó di Sátidé, opó náà wá gbé àpò rẹ̀ lọ, òun àti màmá mi ń rẹ́rìn-ín dé ẹnu títì.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ajé, gbòǹgbò funfun ti ń yọ lára ẹ̀wà gbogbo ọmọ kíláàsì. Tèmi wú, ó ń yọ̀, ó sì ń rùn. Olùkọ́ tẹ ẹyọ kan, ó fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Mademoiselle, ṣé o dáná yá wọn ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹ̀wà ẹlòmíràn, ó bó èèpo rẹ̀, ó là á sí méjì, ó sì fi ọmọ inú rẹ̀ hàn wá: ewéko kékeré kan tó ká jọ, tó ti ní ewé méjì tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní irúgbìn kì í ṣe òkúta, ohun abẹ̀mí tó ń sùn ni, ó sì ń mí díẹ̀díẹ̀ nínú oorun rẹ̀. Omi, afẹ́fẹ́ àti ooru tó mọ níwọ̀n ló ń jí i. Bí ooru bá pọ̀ jù, ọmọ inú rẹ̀ yóò kú, èèpo rẹ̀ yóò sì máa dán lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Odindi àpò tó ti lọ sí Bingerville ni mo rí lójú mi.

Olùkọ́ ní kí n tún un ṣe, kí n lo àwo méjì, kí n fi ẹ̀wà mi yòókù sínú ọ̀kan, kí n sì wá ẹ̀wà mìíràn sínú ìkejì. Ó ní ẹni tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì kì í sọ ohun tí kò tíì dá a lójú. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú ṣinṣin. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ Ajé yẹn, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé kò tíì dá mi lójú. Ihò tó wà lára àpò ni mò ń bẹ̀rù. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́, ti ẹlòmíràn ló bá mi dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan, màmá mi á gbójú sókè wo ìkùukùu, á ní, "Ọlọ́run, rọ òjò fún ẹ̀gbọ́n mi." Èmi náà á wo ìkùukùu, á sì máa bẹ Ọlọ́run kan náà pé kó má rọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, ti màmá ló gbọ́. Òjò ọ̀hún rọ̀ láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, mo sì jókòó nínú kíláàsì, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ ju ariwo rẹ̀ lórí páànù lọ. Nígbà tí mo délé, ẹ̀wà inú àwo kejì ti hù. Èyí tó wà nínú àwo kìíní ti jẹrà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, mo gbé àwo méjèèjì lọ bá màmá ní ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ẹ̀wà tí ẹ tà fún ìyá Bingerville, kò lè hù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Monsieur wa ní iléèwé ló ní la chaleur, ooru, máa ń pa á. Ààrò yẹn ni, Màmá."

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń ta ẹ̀wà! Donc Monsieur rẹ ló máa wá kọ́ mi ní òwò mi?"

"C'est pas ça, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó."

Ó gba àwo kìíní, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tẹ ẹyọ kan, ó fọ́. Ó gba ìkejì, ó wo gbòǹgbò rẹ̀ títí. Ó wá jókòó sórí àpò jéró.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e wọ ààrò," ló wí. "Mo ní kí n ṣe é dáadáa fún un ni. Àṣejù, baba àṣetẹ́." Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Báwo lo ṣe rí ẹ̀wà inú àpò yẹn?"

"Mo dá a lu, Màmá."

"Ìgbà wo lo mọ̀ pé ó ti kú?"

"Àná, Màmá."

Kò nà mí. Ó ti ń wá ìborùn rẹ̀. A gbé àpò ẹ̀wà mìíràn tí kò rí iná rí, a wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré ibí, lọ sí Bingerville, màmá ń fi ìka kan àwọn ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀. Èmi jókòó tì í, mo ń ṣe àdúrà kí opó náà ti ṣàìsàn, kó má tíì lè lọ sóko. Irú ọmọ tí mo jẹ́ nìyẹn.

A bá a lórí poro tó kẹ́yìn, ọkọ́ lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Àlàájà! Ṣé ẹ rí òjò? Mo ti gbìn ín tán, àlùhámúdùlílááì!"

Màmá mi kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Opó náà sọ ọkọ́ sílẹ̀, ó rò pé ẹnì kan ló kú. Nígbà tí màmá ṣàlàyé tán, opó náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi ìka wa ilẹ̀, ó hú ẹ̀wà kan jáde, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó ń dán.

"Ẹ dìde, Àlàájà. Ta ló wá sọ fún yín?"

"Ọmọ yìí ni."

Ó fà mí mọ́ra, ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀ lára yunifọ́ọ̀mù mi. "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ yìí ti gbà mí là o." Ó dùn mí débi pé mo bú sẹ́kún, wọ́n sì rò pé àánú ló ń ṣe mí.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tún ilẹ̀ náà gbìn títí oòrùn fi wọ̀. Ìdajì la rí ṣe. Lọ́jọ́ kejì, opó náà gbin ìyókù, ṣùgbọ́n oòrùn ti yọ ganrínganrín, ilẹ̀ oníyanrìn yẹn sì ti gbẹ. Òjò kò padà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìdajì tí a gbìn nínú ọ̀rinrin hù. Ìdajì kejì kò hù. Nígbà tí onílẹ̀ dé, ó ṣe ohun tó wí: ó gba ibi tó ṣófo, ó fún ọkùnrin kan tó fi gbin ẹ̀gẹ́. Ká ní mo ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé ni, ẹ̀wà tó wà láàyè ni opó náà ì bá gbìn sínú ọ̀rinrin òjò Ọjọ́bọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ náà. Ìṣirò yẹn kò le, mo sì ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà.

Èmi náà ti di olùkọ́ SVT báyìí, ní Yopougon. Màmá mi ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ta ẹ̀wà fún ẹni tó fẹ́ gbìn ín láì kọ́kọ́ to mẹ́wàá sórí òwú rírin níwájú ṣọ́ọ̀bù. Opó náà ṣì ń dáko lórí ìdajì tirẹ̀. Bó bá ti kórè, ó máa ń bu ẹ̀wà ránṣẹ́ sí mi, á sì fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù: "Fún ọmọ mi tó gba ilẹ̀ mi là." Mo máa ń dúpẹ́. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì pé ogún ọdún, ó sì ti wúwo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé àwo méjì síwájú kíláàsì mi, mo sì sọ gbogbo ohun tí olùkọ́ mi sọ nípa oorun irúgbìn. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè.

"Madame, tí a bá wá mọ̀ pé ó ti kú, on fait quoi? Kí la máa ṣe?"

"Ẹ lọ sọ fún ẹni tó fẹ́ gbìn ín," ni mo wí. "Lọ́jọ́ yẹn gan-an."

Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Ẹ̀wà tí mo fi kọ́ wọn, láti Bingerville ló ti wá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló sì hù. Èmi kò tíì lọ sọ ti ọjọ́ Ajé yẹn fún opó náà.