Odídẹ Tí Mò Ń Fi Ìró Bò Nígbà Oúnjẹ

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹyẹ kan bú mi nínú ilé ara mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó fún yín, torí tí èmi bá fi í pamọ́, ọkọ mi ò ní bá mi fi í pamọ́.

Iṣẹ́ clim ni ọkọ mi ń ṣe ní àdúgbò Riviera, ní ìlú elédè Faransé tá à ń gbé níbí, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀, Madame kan tó ti dàgbà, ń padà sí ìlú wọn pátápátá, ló bá fi odídẹ rẹ̀ ta wá lọ́rẹ. Kòkó lorúkọ ẹyẹ náà. Àpò tournesol kan bá a wá, àwọn kóró sunflower dúdú onílà funfun yẹn. Madame ní Kòkó kì í jẹ nǹkan mìíràn, ká má wulẹ̀ da ara wa láàmú.

Ẹyẹ tó gbọ́ Faransé jù mí lọ! Tí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, á ní, «Bonjour, chérie.» Ta ló ń jẹ́ chérie, olólùfẹ́, nínú ilé wa? Ọkọ mi ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ìlú wá dàrú, ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ń ta tournesol ti ilẹ̀kùn, wọn ò sì ṣí i mọ́. Mo wo inú àpò, mo ti ń rí ìdí rẹ̀. Àríkẹ́ ọmọ mi, tí kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, bi mí pé tí oúnjẹ Kòkó bá tán, ṣé ibi tí Màmá àgbà lọ ni Kòkó náà máa lọ. Ìyá mi ló ń sọ, a ò tí ì pẹ́ tá a sin wọ́n. Kí ni kí n wí? Mo ní rárá o, Kòkó ò ní kú. Ẹnu mi ló kó bá mi.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mo gbé ápù fún un, ápù tí èmi fúnra mi máa ń wò lókèèrè ni. Ó fẹsẹ̀ gbé e, ó wò ó yí po, ó jù ú sílẹ̀. Mo fún un ní ìrẹsì, mo fún un ní attiéké, gbágùúdá bíi gàrí tí wọ́n ń sè níbí, mo ra àgbàdo tútù láti ọjà Adjamé. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ̀n dà nù, èmi ń gbálẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Faransé. Mo bẹ̀ ẹ́ ní Yorùbá: "Jọ̀ọ́, olówó orí mi, tọ́ ọ wò."

Ọkọ mi gbọ́ láti pálọ̀. "Ìyá Àríkẹ́, ta ni olówó orí ẹ níbẹ̀ yẹn? O ò bẹ èmi báyìí rí o."

Mo ní kó lọ hu ìyẹ́ ná.

Mo tiẹ̀ rò ó pé kí ebi kọ́ ẹyẹ yìí lọ́gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mi ò fún un ní tournesol. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wú ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí òtútù ń mú, kò kí chérie kankan. Mo sáré da kóró sínú abọ́ rẹ̀, mo tún tọrọ àforíjì.

Nǹkan kan wà tí mi ò tí ì sọ fún yín. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ọmọ tó bá ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun, wọn ò kọ́ ọ nílé. Bẹ́ẹ̀, tá a bá ti jókòó ti oúnjẹ, Kòkó á na ọrùn. Ọwọ́ lọ sẹ́nu, ojú ẹ̀ tẹ̀ lé e. Mi ò lè gbà kó kọ́ ọmọ mi níwàkiwà. Torí náà, kí n tó bu ọbẹ̀, màá kọ́kọ́ fi ìró mi kan bo àgò rẹ̀, màá ní, "Má wo ẹnu mi, olójúkòkòrò." Bí ìyá mi ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni, mo sì rò pé mò ń kọ́ ẹyẹ lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo fọ aṣọ, mo fọ ìró yẹn mọ́ ọn, ó wà lórí okùn. Mo ti se ẹyìn tí mo fẹ́ fi se ọbẹ̀, mo ní kó tutù díẹ̀ kí n tó gún un. Àṣé Àríkẹ́ ti bù nínú ẹ̀. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá a tó jókòó síwájú àgò, ó ń fa ẹyìn mu, epo ti dé etí. Mo ti la ẹnu láti bá a wí nítorí aṣọ ọrùn rẹ̀, ìgbà náà ni mo rí Kòkó. Ó ti rọ̀ mọ́ irin àgò, ó ń wo ẹnu ọmọ mi bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n.

"Ó dùn," Àríkẹ́ sọ fún un, ó sì ti ẹyìn kan bọ àárín irin.

Kòkó fẹsẹ̀ gbà á. Ó tọ́ ọ wò, ó jù ú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Àríkẹ́ ò bẹ̀ ẹ́, kò tiẹ̀ wo ibẹ̀ mọ́. Ó mú òmíràn, ó ń jẹ tiẹ̀ lọ. Ni Kòkó bá sọ̀ kalẹ̀, ó ṣa èyí tó jù nù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀, epo pọ́n yòò lẹ́nu rẹ̀ dúdú.

Àríkẹ́ bojú wẹ̀yìn, ó rí mi. "Màmá, kò ní lọ bá Màmá àgbà mọ́, àbí?"

Mo kúnlẹ̀ tì í, mo fọwọ́ nu epo kúrò létí rẹ̀.

Ẹyìn o! Oúnjẹ tí odídẹ ti ń jẹ nínú igbó kí wọ́n tó bí Madame, èmi ń ra ápù kiri. Ta ló sì máa jẹ ohun tí kò rí kí ará ilé rẹ̀ fẹnu kàn? Mò ń bẹ ẹyẹ kó jẹun, mo tún ń bò ó lójú nígbà tó fẹ́ wo bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Èmi tí mo ka ìwé sẹ́kọ́ńdìrì!

Láti ọjọ́ náà, iwájú Kòkó la ti ń jẹun, à ń jẹnu wọ̀mùwọ̀mù bí aláìlẹ́kọ̀ọ́ kó lè rí wa dáadáa. Díẹ̀díẹ̀ ló gba ìbẹ́pẹ, ó gba àgbàdo. Ata pupa ńkọ́? Bíi súìtì ló ń jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ ṣomi.

Ṣebí mo ní ó bú mi? Lọ́jọ́ kan, mo lóṣòó síwájú àgò, inú mi ń dùn, mò ń wo bó ṣe ń jẹ ìbẹ́pẹ. Ó dúró. Ó gbé orí sókè, ó wá fi ohùn èmi gan-an sọ ọ́, ọ̀rọ̀ ìyá mi láìyọ kan kúrò: "Má wo ẹnu mi, olójúkòkòrò."

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn lẹ́nu ìyá mi. Mo kọjú sí ògiri, mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ojú tó ń woni lẹ́nu ni ti ojúkòkòrò. Òmíràn, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹyẹ tó ń yan oúnjẹ, tàbí ọmọ tó ń yan oúnjẹ, kí lẹ ṣe tó fi jẹ? Ẹ kọ tiyín síbí fún wa. Mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ẹyẹ ti bá wí ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.