Àlàárì Ìyá Mi

Èmi ò dé Ṣáínà rí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló wúkọ́ tí òfì bàbá mi fi dákẹ́. Nígbà kòrónà, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe òwú tì pa, ọkọ̀ ojú omi ò gbéra mọ́. Obìnrin tó ń ta òwú fún wa l'Ọ́jà'ba na ọwọ́ òfìfo sí wa. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ fìlà pupa ọkọ ìyàwó kan ṣì wà lọ́rùn bàbá mi.

Ìyá mi ṣí àpótí, ó gbé ìborùn àlàárì ìgbéyàwó rẹ̀ jáde. "Ẹ tú u," ló wí.

Inú bí mi. Odidi ìborùn, nítorí orí ọlọ́rí! Òwú náà ń ká kò bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. A rẹ ẹ́ sómi, a nà án sóòrùn láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kànga. Àgbàlá wa pọ́n bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́, mo sì ń rìn lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń lálàá. Bàbá mi hun ún, ó rán an, ọkọ ìyàwó gbé e lọ.

Òwú ti padà dé báyìí. Wọ́n ní láti Íńdíà ni, kì í sì í pẹ́ ṣá.

Lọ́jọ́ kan, bí èmi àti ìyá mi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lókè Mápó, ọkọ ìyàwó náà dé fìlà yẹn kọjá, pupa rẹ̀ ò ṣá rárá. Ìyá mi kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ẹ̀rù ba ọmọ ọlọ́mọ, ó ní, "Mọ́mì, ẹ dìde! Kí ni mo ṣe?"

"Kì í ṣe ìwọ," ni ìyá mi wí, ojú rẹ̀ lórí fìlà. "Bí mo ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, tí wọ́n da àlàárì yìí bò mí lọ́rùn nìyẹn."