Kóòṣì Mọ́nsúrù àti Bọ́ọ̀lù Yasir

Kò sí ẹni tó wà ní pápá Adigbe ní Sátidé ọjọ́ náà tó lè gbàgbé bí Kóòṣì Mọ́nsúrù Àkànní ṣe gbé àga onírọ́bà kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà kọjá, tó jókòó, tó sì gbé abọ́ gàrí lé itan. Bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, eré tí ẹnì kan ti ń ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta, tí ẹnì kejì ń fi igi dúró dè é, tí ẹnì kẹta sì lóṣòó sẹ́yìn láti hán an. Yasir ló fẹ́ jù ú. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń mọ búlọ́ọ̀kù jẹun ni Yasir, apá rẹ̀ lágbára, ṣùgbọ́n Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ó ti fọ́ gíláàsì mọ́tò àlejò kan, mọ́tò náà kò sì sí nítòsí pápá rárá.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn," Yasir bẹ̀ ẹ́. "Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba ìwọ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ?" Kóòṣì bu omi sí gàrí rẹ̀. "Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ hán an ni kó o wò. Èmi ń jẹun tèmi."

Yasir jù ú. Bọ́ọ̀lù kọjá níwájú orúnkún Kóòṣì, ó wọ inú ọwọ́ ẹni tó ń hán an. Ó ju èkejì, ó ju ẹ̀kẹta, ó ju mẹ́wàá. Kóòṣì kò gbójú sókè, ó kàn ń fi ṣíbí sẹ́nu. Nígbà tí Yasir parí, gbogbo pápá sáré lọ gbé e sókè. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Azeezat, ló wo inú abọ́. Gàrí kò dín ṣíbí kan, ó ti wú dé etí abọ́. Ṣíbí lásán ni ọkùnrin náà ń fi sẹ́nu ní gbogbo ìgbà náà.

Òun náà kò sì jiyàn. "Ẹ̀rù bà mí," ó wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi kò kan Yasir."

Tíṣà eré ìdárayá tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa bọ́ọ̀lù jíjù kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè yí i padà lórí rẹ̀. Èyí tó ga jù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ "má" fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù. "Apá kì í gbọ́ 'má'," ó máa ń wí. "Bí o bá ní kó má lọ sọ́tùn-ún, ọ̀tún nìkan ló gbọ́." Ó mú òfin yìí délé. Ìyá Azeezat ní láti ọgbọ̀n ọdún, ọkọ òun kò sọ rí pé kí òun má fi iyọ̀ púpọ̀ sọ́bẹ̀, á ní, "Jẹ́ kí ọbẹ̀ ọ̀la rántí omi." Ní ọjọ́ tí ewúrẹ́ wọ pápá, kàkà kó lé e, ó júwe fún un pé koríko ẹ̀yìn ògiri lọ́hùn-ún dára jù. Ewúrẹ́ náà jẹ fìlà rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ kejì ni pé ẹsẹ̀ àti ìbàdí ló ń ju bọ́ọ̀lù, apá kàn ń bá wọn dé ibẹ̀ ni. Dípò kó máa ṣàlàyé, ó kó gbogbo ẹgbẹ́ lọ sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ìyàwó rẹ̀ ní Ìtòkú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń rẹ aṣọ láró. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbọn ọ́n kí wọ́n tó sá a," ó wí. Lóòótọ́, nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan gbọn yáàdì márùn-ún tó tutù, aṣọ náà dún bí ìbọn, bẹ́ẹ̀ ìyá náà kò ju ìka mẹ́rin lọ ní sísanra. Ẹnu ya àwọn ọkùnrin náà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi bá àwọn obìnrin gbọn aṣọ ní àràárọ̀ Sátidé, àwọn obìnrin sì ń gbàdúrà pé kí ẹ̀kọ́ náà má parí.

Ohun tí Kóòṣì kò rò ni pé aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò kì í ṣàánú ọwọ́. Nígbà tí wọ́n bá ẹgbẹ́ kan láti Ìbàdàn díje, kò pẹ́ tí bọ́ọ̀lù funfun fi di aláró. Òfin eré náà sì ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan pa bọ́ọ̀lù lára. Rẹfirí dá eré dúró.

"Oògùn Ẹ̀gbá ni," olórí ẹgbẹ́ Ìbàdàn wí. "Ẹ wò ó, ó ti ń dúdú."

"Aró ni," Kóòṣì dáhùn. "Ẹ bu omi wá, kí ẹ mú ọṣẹ wá."

Wọ́n fọ ọwọ́ Yasir, wọ́n fọ ti gbogbo ẹgbẹ́ tó kù. Kò ṣí. Kóòṣì bá kọjú sí rẹfirí. "Ọ̀gá, bí ó bá ṣí, ẹ lé wa lọ. Ṣùgbọ́n tí kò bá ṣí, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá eré wọn lọ, kí ẹ sì ra àdìrẹ kan fún ìyàwó yín, nítorí aró tiwa kì í ṣí." Rẹfirí ra méjì.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Isaiah dé. Ọmọ Adigbe ni, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì l'Ékòó, ó sì máa ń wálé ní ìparí ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tó ń wọn eré bọ́ọ̀lù, bó ṣe ń yára tó. Ìgbàgbọ́ tirẹ̀ yàtọ̀: kí ẹni tó ń jù ú kọ́kọ́ fi gbogbo agbára jù ú, a ó tún ibi tó ń lọ ṣe lẹ́yìn. Òun àti Kóòṣì jiyàn títí ohùn wọn fi há.

"Èmi ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa délé," Kóòṣì wí. "Ìwọ ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa sáré kọjá ilé."

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ ń kọ́ yìí, ilẹ̀ á ṣú kó tó délé," Isaiah dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ Isaiah sì ní òtítọ́ nínú. Bọ́ọ̀lù Yasir ti ń lọ síbi tó rán an, ṣùgbọ́n eré rẹ̀ ti dín kù. Ẹ̀rọ kà á sí máìlì méjìléláàádọ́rin láàárín wákàtí kan. Ọgọ́rin ni àwọn tó ń ṣa ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ ń béèrè, ẹni tí wọ́n bá sì mú yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ọdún mẹ́rin ni Yasir ti ń mọ búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi ń kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Òun náà fẹ́ gbé inú ọ̀kan lára wọn.

Ni Isaiah bá pè é ní kọ̀rọ̀. Ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè, Yasir ń yọ́ lọ bá a ní pápá kan lọ́nà Odeda, ó ń fi gbogbo ara ju bọ́ọ̀lù. Ó sọ fún Kóòṣì pé ìyá àgbà òun ni òun ń lọ kí. Ìyá àgbà yìí ti kú láti ọdún mẹ́fà, Kóòṣì sì wà lára àwọn tó sin ín. Yasir kò rántí. Kóòṣì kàn ń sọ pé, "Bá mi kí wọn o." A rò pé ọjọ́ ogbó ló dé sí i. Nígbà tí eré bọ́ọ̀lù náà ń pọ̀ sí i, ó ń lọ káàkiri pé, "Ẹ ò rí i? Aṣọ tí a gbọn yẹn ló ń ṣiṣẹ́." Ojú sì ń ti Yasir débi pé kò lè jẹun nílé Kóòṣì mọ́.

Àìsàn ti dá Kóòṣì gúnlẹ̀ nígbà tí ọjọ́ ìdánwò ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ pé, síbẹ̀ ó ní kí wọ́n gbé òun lọ. Yasir ju máìlì mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ju mẹ́tàlélọ́gọ́rin, kò sì sí èyí tí ẹni tó ń hán an ní láti sún ọwọ́ fún. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ gbàgbé láti kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Kóòṣì jáde láyé.

Orúkọ Yasir jáde lára àwọn tí wọ́n mú nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Lẹ́yìn àdúrà, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Ìyá Azeezat, ó ń sunkún.

"Ìyá, ẹ forí jì mí. Mo dalẹ̀ Kóòṣì. Ọ̀dọ̀ Isaiah ni mò ń lọ ní gbogbo Sọ́ńdè yẹn."

"Dìde," Isaiah wí láti ibi tó jókòó. "Ta lo rò pé ó fún mi ní nọ́ńbà fóònù ẹ?"

Isaiah sọ pé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, Kóòṣì fẹsẹ̀ rìn wá sílé òun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ó ní, 'Isaiah, ọmọ yìí ti mọ ibi tó fẹ́ kí bọ́ọ̀lù lọ. Eré ló kù, èmi kò sì mọ̀ ọ́n kọ́ni. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Bá mi parí rẹ̀. Jẹ́ kó dà bíi pé ìwọ lo pè é, nítorí bó bá mọ̀ pé èmi ni, á máa bojú wẹ̀yìn.'"

Ọkùnrin tó ti ń bá gbogbo ayé jiyàn láti ogójì ọdún, ẹni tó gbà pé òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù, òun ló rìn lọ bá alátakò rẹ̀ pé òun kò mọ̀. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ náà ń yà wá lẹ́nu.

"Kí ló dé tí o kò fi ní kó wọlé jókòó?" Ìyá Azeezat béèrè.

"Mo ní kó jókòó, Ìyá. Ó ní bí òun bá jókòó pẹ́nrẹ́n, a máa bẹ̀rẹ̀ ìjà, ọmọ yìí sì ní ìwé láti lọ kà."

Ìyá Azeezat rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó wá fi etí ìborùn nù ún. Ó na ọwọ́ sí Yasir, ó fà á dìde, ó sì ní kó wá jẹun.