Ẹni Tí Yóò Jókòó Ti Harmen

Ó ti rẹ Geesje kí ó tó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé oko Harmen. Láti ìgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìlú Zwolle ni ó ti ń jókòó ti àwọn tó bá jẹ olú abẹ́ ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà ní gbangba, tó máa ń gbé ọkàn ẹni rìn jìnnà fún wákàtí díẹ̀, kó lè máa ṣọ́ wọn títí yóò fi dá lójú wọn. Orúnkún ń dùn ún. Ẹkún ẹlẹ́kún ti sú u.

Ìyàwó Harmen ló kú. Láti ìgbà náà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ àfi màlúù rẹ̀. Ó wá fẹ́ jẹ olú náà, bóyá ẹkún tó há sí i nínú á jáde.

Ó bu kọfí fún Geesje. “Ẹ kàn sọ ìwọ̀n olú tí màá jẹ fún mi. Jildou ọmọ mi á jókòó tì mí. Mi ò fẹ́ kí àlejò máa wo ojú mi tí mo bá ń sunkún.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Geesje nínú. Bí ó bá gbà, ilé ni yóò lọ, yóò na ẹsẹ̀. Ó bi í nípa oògùn tó ń lò, nípa àyà rẹ̀, àti bóyá orí ẹnikẹ́ni ti dàrú rí nínú ìdílé wọn. Kò sí ewu kankan níbẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tán nígbà tí Jildou sìn ín dé ìdí kẹ̀kẹ́.

“Màmá, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo sọ ọ́ o. Èmi ni mò ń sè fún un, èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Ìyá mi ló kú, mi ò tíì ráyè sunkún. Tó bá wá bú sẹ́kún lójú mi, a jọ máa ṣubú ni.”

Geesje wo ojú ọmọ náà tó ti jìn sínú. Ó mí kanlẹ̀, ó padà sínú ilé.

“Harmen, èmi ni mo máa jókòó, nínú yàrá yìí gan-an. Kí Jildou máa lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà.”

“Ṣé ọmọdé lẹ pè mí ni?”

“Àgbà ni yín. Ẹ má di ẹrù yín lé ọmọ lórí. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ wá ẹlòmíràn.”

Ó bínú lọ bá màlúù rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ó fi pe Geesje pé òun gbà.

Lọ́jọ́ tó jẹ olú náà, Harmen pariwo, ó ní òun ń lọ wú ìyàwó òun jáde nínú ilẹ̀, ó sì dìde sí ẹnu ọ̀nà. Geesje dì í lọ́wọ́ mú títí agbára fi tán lára àwọn méjèèjì. Kò sọ ju “Mo wà níbí” lọ. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Harmen sùn sórí àga, ojú rẹ̀ wú. Bó ṣe jí, ó béèrè búrẹ́dì àti wàràkàṣì, ó ní kí wọ́n pe Jildou, kó wá sunkún tirẹ̀ náà.

Geesje pè é. Lẹ́yìn náà ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ lù ú lójú, ó ń sọ̀kalẹ̀ sinmi lójú ọ̀nà. Ẹlòmíràn ń retí rẹ̀ lọ́la ní ìlú Deventer.