Ọmọ Odó Tí Wọ́n Tì Mọ́lé

Èmi ni mo pariwo. Bí ìyá àgbà ṣe gbé ọmọ odó sókè, mo figbe ta: "Ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ fọ́ mi lórí!" Mo sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Orí wọlé, ìdí kù síta. Bẹ́ẹ̀, iyán ni wọ́n fẹ́ gún fún mi.

Wọ́ọ̀dù àwọn tó ń gba ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ni ìyá àgbà wà nígbà náà, ní Ọ̀wọ̀. Ìyá mi ló mú mi lọ kí wọn, òun àti iṣu Ìdóàní lórí. Ẹ̀bà tútù ti sú àwọn aláìsàn; wọ́n bẹ̀bẹ̀ títí kí odó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ariwo mi ló bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì àgbà gba ọmọ odó, ó tì í mọ́ ọ́fíìsì. Odó nìkan ló kù lágbàlá, bàbá aláìsàn kan sì sọ ọ́ di àga.

Ìgbà tí a tún lọ, ìpàdé ni a bá. Àwọn aláìsàn àti nọ́ọ̀sì jókòó yíká lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń jọ pinnu bí wọ́ọ̀dù yóò ṣe máa rí. Mo sá sẹ́yìn ìyá mi.

Bàbá orí odó rí mi. "Ṣé ọmọ tó dá wa padà sídìí ẹ̀bà nìyí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ò jẹ́ kó dún.

Nọ́ọ̀sì àgbà kọjú sí ìyá àgbà, ó ní, "Màmá, mi ò bá iyán jà. Tí ẹnìkan bá fi ọmọ odó lu ẹnìkejì ńkọ́?"

"Kí nọ́ọ̀sì kan dúró tì wá," ni ìyá àgbà fèsì. "Ẹni tí ara rẹ̀ ò bá balẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó jókòó, kó máa dárin fún wa."

Ọwọ́ gbogbo wọn lọ sókè. Nọ́ọ̀sì àgbà ṣì ń yí kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́.

Ọmọ odó jáde lọ́jọ́ náà. Gbì! Gbì! Bàbá tí wọ́n gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń dárin. Òkèlè àkọ́kọ́, èmi ojo ni wọ́n fún.

Títí dòní, bí aládùúgbò bá ń gúnyán, èjìká mi á kọ́kọ́ fò, itọ́ á wá tẹ̀lé e. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bá mi pinnu ọ̀rọ̀ aláìsàn láìjẹ́ kó dá sí i, ohùn ìyá àgbà ni mo máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, wọ́n fọwọ́ lé odó, wọ́n wo kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ní:

"Nọ́ọ̀sì, ọmọ tiwa wà nílé, ojú wa ò tó wọn. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí odó rí ọmọ tiẹ̀."