Ìlà Mẹ́rìnlélógún Lórí Gìtá Bàbá Sùlíyá

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Sùlíyá fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi dùn gan-an lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀. Ọdún yẹn ni mo bí Uswat, ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan, títí kan fáànù. Yàrá Bàbá ló kọjú sí tiwa nílé tí a ń gbé ní Dòpẹ̀mú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Làsísì lorúkọ wọn gangan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe àwo tánganran lápá Ọ̀gbà, títí ibẹ̀ fi kógbá wọlé. Ìyàwó wọn ti kú, Sùlíyá ọmọ wọn sì wà ní Kánò nílé ọkọ. Èmi tí mo ń ránṣọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo máa ń bá wọn tàkúrọ̀sọ, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í sinmi.

Wọ́n ní nígbà ọ̀dọ́ àwọn, gìtá Hawáì làwọn ń ta lẹ́yìn ọ̀rẹ́ àwọn, Olúgbénró, tó ń kọrin jùjú. Gìtá yẹn yàtọ̀. Orí itan ni wọ́n ń gbé e lé. Wọn kì í fi ìka tẹ okùn ẹ̀ mọ́lẹ̀, irin róbótó kan ni wọ́n ń fà lórí okùn, wọ́n á máa wo àwọn ìlà tó wà lábẹ́ ẹ̀ kí irin lè dúró síbi tó yẹ. Wọ́n tà á nígbà tí ìyàwó wọn ń ṣàìsàn. Kí wọ́n tó tà á, wọ́n wọn gbogbo ìlà ẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà wọn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

Ojú ló wá ń lọ. Gùlókómà ni dókítà pè é, ó ní èyí tó ṣẹ́ kù ò ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Àsìkò yẹn ni Olúgbénró fóònù pé àwọn àgbà olórin mélòó kan máa ń pàdé ní Onígbòǹgbò lọ́sàn-án Sátidé, wọ́n á jọ máa ṣeré fúnra wọn. Ó ní bí Làsísì bá ṣì lè ta gìtá, òun á máa fi mọ́tò wá gbé e. Ẹ ò bá rí Bàbá lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tí kì í lọ ju mọ́ṣáláṣí lọ ti ń bi mí pé báwo ni fìlà òun ṣe rí. Wọ́n ní àwọn máa fọwọ́ ara àwọn ṣe gìtá míì kí ojú tó ṣú tán.

Jimoh káfíńtà ló gé igi ọmọ̀ fún wọn. Ó fi rúlà irin ẹ̀ wọn inṣì mẹ́rìnlélógún gééré láti ibi tí okùn ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ó wò ó títí.

"Bàbá, ṣé pátákó ìfọṣọ rèé?"

"Òun ni. Ẹnu ẹ la máa kọ́kọ́ fọ̀ níbẹ̀."

Ó wá ku pátákó pẹlẹbẹ tó máa wà lábẹ́ okùn, èyí tí ìlà máa wà lára ẹ̀. Ìlà mẹ́rìnlélógún. Bàbá ò rí nọ́ńbà ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà mọ́, wọ́n ní kí èmi tí mo lọ sẹ́kọ́ńdìrì máa kà á, kí n sì bá àwọn wọ̀n ọ́n. Mo yọ téèpù ọrùn mi, téèpù aláṣọ tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ tí mo gba fírídọ̀m. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì fàmì sí i, Bàbá á ki ọ̀bẹ bọná, wọ́n á gbé ojú sún mọ́ igi bí ẹni fẹ́ gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á fi ọ̀bẹ gbígbóná jó ìlà náà. Ìlà méjì péré lójúmọ́, torí omi máa ń dà lójú wọn. Nígbà tí a dé ìkẹrìnlélógún, èmi ni mo ń di ọwọ́ wọn mú lọ síbẹ̀. Wọ́n wá kan ìṣó kékeré, irú èyí tí àwọn oníbàtà ń lò, sí etí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí àtàǹpàkò lè mọ ibi tó wà tí ojú bá lọ tán. Ojú sì lọ tán lóòótọ́.

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ ọwọ́ lójoojúmọ́. Níbi ìlà àkọ́kọ́, ohùn ń dùn. Bí irin bá ṣe ń gòkè ni orin ń kan sí i. Wọ́n á dúró, wọ́n á fi àtàǹpàkò wá ìṣó, wọ́n á tún un ta. Èmi tí mi ò mọ nǹkan kan, mo rò pé bó ṣe ń rí nìyẹn.

Olúgbénró wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan. Ó dá orin, Bàbá gbà á. Kò tíì dé àárín tó dákẹ́. Ó ní kí wọ́n sinmi ná, ó bi wọ́n léèrè Sùlíyá, ó jẹ mọ́ínmọ́ín tí mo gbé wá. Nígbà tó ń lọ, ó sọ fún mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ojú nìkan kọ́ ló lọ lára Làsísì. Ilẹ̀kùn ò tì.

"Láídé," Bàbá ní, "mo ti rò pé etí ṣẹ́ kù fún mi."

Wọ́n fi àpò di gìtá náà, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Odindi oṣù méje, a ò sọ̀rọ̀ orin mọ́.

Ìyá Precious, oníbàárà mi kan, ló tú àṣírí. Ó fẹ́ kí n rán yunifọ́ọ̀mù ọmọ ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ń gbé níléèwé, ní bọ́dìn, ìwé tí télọ̀ wọn àtijọ́ kọ ìwọ̀n sí ló mú wá. Mo tẹ̀ lé ìwé yẹn dáadáa. Aṣọ dé ara ọmọ, ìbàdí fẹ̀, ìsàlẹ̀ ń gbálẹ̀. Mo jà, mo búra. Nígbà tí mo jà tán, mo ra téèpù tuntun ní Agége, mo tẹ́ méjèèjì síra. Ọgọ́ta inṣì ti tèmi fi ìka méjì gùn ju ti tuntun lọ. Ó ti fà. Mi ò sì lè mọ̀ láyé, torí téèpù kan náà tí mo fi ń wọn ènìyàn ni mo fi ń wọn aṣọ ẹ̀, bó bá tiẹ̀ ń purọ́, irọ́ méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, téèpù mi kọ́ ló kọ ọ́. Rúlà irin ni Jimoh náà lò. Gbogbo ìlà tí mo bá Bàbá wọ̀n ló ti kọjá ibi tó yẹ.

Mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá, mo rò ó fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé téèpù méjèèjì fún àwọn. Wọ́n fi ìka tọ̀ wọ́n lọ títí.

"Etí mi ń sọ fún mi," wọ́n ní. "Èmi ni mo ń pè é lónírọ́."

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní kí n wá ẹ̀mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo yọ gbogbo ìṣó náà, mo fi rúlà Jimoh tún wọn kàn síbi tó yẹ. Èyí tó kẹ́yìn ò tíì wọlé tán tí wọ́n ní kí n pe Olúgbénró. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n fọ́jọ́ mélòó kan. Wọ́n ní oṣù méje tó.

Mo gbé fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì. Olúgbénró ní òun ń gbọ́. Bàbá bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, oṣù mẹ́ta gbáko ni ọwọ́ yẹn fi kọ́ ibi tí kò yẹ. Àtàǹpàkò á kan ìṣó, á kọjá ẹ̀, á lọ síbi tó ti mọ̀, á tún sáré padà. Orin ń já, ó ń so. Wọ́n ta á dópin ṣá.

"Ó dáa," Olúgbénró ní, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ó dáa, Làsísì. A ó jọ sọ̀rọ̀."

Bàbá ní kí n pa fóònù. Mo ní ó ti kú fúnra ẹ̀. Mo wá ń sọ̀rọ̀ ṣá, bí mo ṣe máa ń ṣe, pé Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni, wọ́n mà ní ó dáa.

"Etí mi dá ṣáká, Láídé," wọ́n ní. "Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀."